Bí ẹ ṣe lè máa tọpa ẹyẹ l'Abẹ́òkúta, láti ìgbà ọyẹ́ títí dé àrọ̀kúrò

Tí ẹ bá gun Àpáta Olúmọ láàárọ̀ inú oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ṣì bo àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ yẹn, ẹ dúró díẹ̀, ẹ má tíì ya fọ́tò. Àwòdì kan máa kọjá. Kì í ṣe òkè orí yín ló máa gbà o, ìsàlẹ̀ ibi tẹ́ ẹ dúró sí ló máa gbà, ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ máa rí, àwọ̀ bí ewé gbígbẹ, ìrù ẹ̀ tó là díẹ̀ láàárín á máa yí sọ́tùn-ún á máa yí sósì bí àjẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tukọ̀, ìyẹ́ méjèèjì ò sì ní gbọ̀n rárá. Àwọn àgbà ní àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Èmi ò lè gbọ́ òwe yẹn kí n má rántí Ìbarà wa níbí, ẹni tó pa á, ó ti jókòó wo àwòdì dáadáa.

Ẹ padà gun àpáta yẹn kan náà nínú oṣù Keje, ẹ wá àwòdì. Ó lè má sí ẹyọ kan. Wọ́n ti tẹ̀ lé ẹ̀ẹ̀rùn wá, òjò sì ti lé wọn padà sókè Ọya. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyẹn, pé ẹyẹ ìlú wa kì í ṣe nǹkan kan náà yípo ọdún, àwọn kan ń bọ̀, àwọn kan ń lọ, àwọn kan wà nílé àmọ́ wọ́n ń pa aṣọ dà, àti pé ẹni tó bá ń padà síbì kan ṣoṣo lóṣooṣù ló máa rí i, kì í ṣe ẹni tó ń sáré káàkiri.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ibì kan

Ibi tí ẹ lè dé láìnáwó púpọ̀ ni kẹ́ ẹ mú, torí tó bá ti di pé ẹ gbọ́dọ̀ wá owó ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ máa jáwọ́ nígbà tó bá fi di oṣù kẹta. Tí ẹ bá wà ní Láfẹ́nwá tàbí ibi tó sún mọ́ ọn, ẹ mú etí Odò Ògùn. Tí ẹ bá wà ní apá Ọbáńtókò tàbí ọ̀nà Alábàtà níbi tí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà, ẹ mú ọ̀nà oko kan tó ní koríko, igi díẹ̀ àti ibi tí omi ń dúró sí, oríṣi ibi bẹ́ẹ̀ ló ní ẹyẹ jù lójú tèmi. Ẹni tí ò lè kúrò nílé, ẹ̀yìnkùlé tó ní ìbẹ́pẹ, màǹgòrò tàbí ọ̀pẹ kan tó. Adágún ìdídò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, ẹ fi ìyẹn sí ẹ̀ẹ̀kan ní ìgbà òjò, ẹ̀ẹ̀kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ó jìn, ó sì yẹ kẹ́ ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹyẹ inú àgò, irú èyí tẹ́ ẹ máa rí nínú ọgbà ẹranko tó wà ní Presidential Library ní Òkè-Mósàn, ó dára fún kíkọ́ ojú àmọ́ ẹ má kà á mọ́ tiyín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ohun tí ẹ máa mú dání

Ìwé kékeré kan àti bírò. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù, ó ju binoculars, awò tó ń fa ohun tó jìn sún mọ́ni, lọ. Tí owó bá wá wà, ẹ ra binoculars tí wọ́n kọ 8x42 sí lára. 8 yẹn túmọ̀ sí pé ó máa fa ẹyẹ sún mọ́ yín ní ìlọ́po mẹ́jọ, 42 yẹn ni ìwọ̀n fífẹ̀ ojú gíláàsì iwájú ní mìlímítà, bó bá ṣe fẹ̀ sí ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọlé sí láàárọ̀ kùtù. Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ ra èyí tó ń fà á ní ìlọ́po 20 tàbí 30, ẹ má dá wọn lóhùn, ọwọ́ yín á máa gbọ̀n, ẹyẹ ọ̀hún á sì máa jó lójú yín. Tokunbọ̀ tó mọ́ dáadáa sàn ju tuntun tí gíláàsì ẹ̀ ṣókùnkùn lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níta kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo àkọlé ìsọ̀ kan lókèèrè bóyá ẹ rí i kà ketekete.

Lórí fóònù, ẹ gba app Merlin sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ wa ẹyẹ Nàìjíríà sínú ẹ̀ nígbà tí dátà bá wà kó lè ṣiṣẹ́ lóko níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Ó lè gbọ́ ohùn àwọn ẹyẹ kan kó sì dárúkọ wọn, àmọ́ ẹ má kọ orúkọ tó bá pè sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí ẹyẹ náà fúnra yín. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ torí ejò, omi mímu, fìlà, aṣọ tó jọ ewé tàbí ilẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun sílé.

Àárọ̀ ló dáa jù, láti nǹkan bí aago 6:30 títí di 9:00, lẹ́yìn ìyẹn oòrùn á mú, ẹyẹ á sápamọ́. Ìrọ̀lẹ́ láti aago 4:30 náà dáa, pàápàá létí odò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kí èèyàn kẹ́ ẹ tó kí ẹyẹ

Mi ò lè fo èyí. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé iṣẹ́ kan, mo gbé awò sójú, ẹyẹ apẹja kan ni mò ń wò lórí wáyà, ká tó ṣẹ́jú àwọn ọlọ́dẹ méjì ti dé, wọ́n gba binoculars lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ta ló rán mi wá ṣe amí. Ó lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó dá a padà, ó sì dùn mí gan-an torí mi ò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nílùú tí ọkàn èèyàn ò balẹ̀, ẹni tó gbé awò sójú tó ń wo ọgbà ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń wá. Látìgbà yẹn, ibikíbi tí mo bá dé, màá kọ́kọ́ wá àgbà ibẹ̀, màá dọ̀bálẹ̀, "Ẹ kúuṣẹ́ o bàbá, ẹyẹ ni mo wá wò, mo fẹ́ máa kọ iye tí mo bá rí," màá sì gbé awò fún wọn kí wọ́n fi ojú ara wọn wò. Bí àgbẹ̀ kan lọ́nà Alábàtà ṣe gbé e sójú ló ní "háà, ẹlúlùú ni!" ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tó ń yé ẹyin sí fún mi. Àgbẹ̀, ọdẹ àti àwọn darandaran mọ ẹyẹ ju app èyíkéyìí lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ má gbé awò dojú kọ bárékè, ẹ̀wọ̀n, afárá tí sójà wà tàbí fèrèsé ilé onílé. Ẹ má dá nìkan lọ síbi tó pa rọ́rọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ẹ ṣe máa wo ẹyẹ tí ẹ ò mọ̀

Ẹ má kọ́kọ́ wá orúkọ. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé, báwo ló ṣe tóbi tó? Ṣé bí ológoṣẹ́ ni, àbí bí àdàbà, àbí bíi kannakánná, àbí bí igún? Ìwọ̀n mẹ́rin yẹn tó o, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ wo ẹnu ẹ̀: ẹnu kúkúrú tó nípọn, hóró ló ń jẹ; ẹnu tín-ín-rín, kòkòrò; ẹnu tó tẹ̀ kọdọrọ, ẹran. Ẹ wo ìrù, ẹ wo ibi tó bà sí, ẹ wo ohun tó ń ṣe. Ẹ wá gbọ́ ohùn ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe dún létí yín. Kó tó fò lọ ni kẹ́ ẹ kọ gbogbo ẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ máa rántí tẹ́ ẹ bá délé.

Yorùbá ti sọ púpọ̀ lára wọn lórúkọ tipẹ́, ẹ lo orúkọ yẹn. Àwọn kan wà tí èmi ò tíì gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu ẹnikẹ́ni l'Abẹ́òkúta, bí wọ́n ṣe rí ni mò ń kọ, "ẹyẹ orí dúdú tó ń pariwo lórí ìbẹ́pẹ," àyàfi tí mo bá pàdé ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìgbà ọyẹ́, oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì

Ìgbà yìí ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Ewé ti dín kù, koríko ti lọ sílẹ̀, àlejò sì pọ̀. Odò Ògùn á ti fà, àwọn òkúta inú ẹ̀ á ti yọrí, ibẹ̀ lẹ máa rí ẹyẹ kékeré kan tí ẹ̀yìn ẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀, inú ẹ̀ funfun, tó ń ju ìdí sókè sódò láìsinmi bó ṣe ń rìn láti orí òkúta kan dé èkejì. Common sandpiper ni wọ́n ń pè é lóyìnbó, láti Yúróòpù lọ́hùn-ún ló ti ń bọ̀, àwọn kan lára wọn sì máa ń dé láti ìparí oṣù Kẹjọ. Lórí pápá bọ́ọ̀lù àti láàárín màlúù, ẹ máa rí òmíràn tí ikùn ẹ̀ yẹ́lò, ìrù ẹ̀ gùn, òun náà ń mi ìrù, òun náà ti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra níbí torí oríṣi wọn pọ̀. Tiwa tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé àti afárá wà níbí yípo ọdún. Àmọ́ láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹrin, àwọn ará Yúróòpù á dara pọ̀ mọ́ wọn, ìwọ̀n ẹni kọ̀ọ̀kan wọn ò ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, ẹ ronú sí i, nǹkan tó fúyẹ́ báyẹn ló fò wá láti ọ̀hún. Ọ̀fun ni kẹ́ ẹ wò: tí ọ̀fun bá pọ́n dẹ̀ẹ̀ tí ọ̀já dúdú kan wá gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, àlejò ni. Ní Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River, irú àlejò yìí máa ń kóra jọ sùn lórí òkè kan lọ́pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún.

Àwọn tó ń jẹ oyin àti tata náà á dé, ọ̀fun funfun, ìlà dúdú lójú, ewé tútù lẹ́yìn, ìrù wọn ní okùn gígùn méjì láàárín. Àwọn yìí kì í ṣe ará Yúróòpù, ẹ̀gbẹ́ aṣálẹ̀ lókè Ọya ni wọ́n ti ń yé ẹyin nígbà òjò, wọ́n á wá lo ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa. Wọ́n máa ń jókòó lórí wáyà ní mẹ́rin mẹ́fà.

Tí wọ́n bá ń sun igbó, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, ẹ jìnnà síná, ẹ wo bí àwòdì ṣe ń já wọ inú èéfín láti gbé tata àti aláǹgbá, tí lékeléke sì ń tò sẹ́yìn ilẹ̀ tó ti jóná.

Àkọ́rọ̀, oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin

Ẹlúlùú ló ń kéde. Ohùn ẹ̀ dà bíi ìgbà tí omi ń tú jáde lẹ́nu ìgò, hùù-hùù-hùù-hùù, tó ń lọ sílẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹlúlùú tó ń pe òjò, orí ara ẹ̀ ló ń pè é lé, òótọ́ sì ni pé lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ ẹ máa rí i lórí igbó tó yọ sókè, tó na ìyẹ́ pupa ẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, tó ń yáàrùn, ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Orí dúdú, àyà funfun. Fífò ò dá a lójú, rírìn ló fẹ́ràn.

Ní alẹ́ tí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ wá mọ́, ẹsunsun á tú jáde. Ẹ má pàdánù àárọ̀ yẹn láé! Gbogbo ẹyẹ àdúgbò ló máa wá, adìyẹ ilé, lékeléke, alápàáǹdẹ̀dẹ̀, àwòdì tó fi èékánná hán ẹsunsun lófuurufú tó sì ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń fò. Mo ti jókòó sórí àga lẹ́yìnkùlé ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ka oríṣi 19 láì dìde.

Lékeléke náà, ẹ wò ó sún mọ́ra nígbà yìí. A máa ń wí pé lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun, àmọ́ bó bá ku díẹ̀ kó lọ yé ẹyin, àtàrí, àyà àti ẹ̀yìn ẹ̀ á gba àwọ̀ bíi epo tí wọ́n fi omi là, ẹnu ẹ̀ á pọ́n sí i. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí èyí sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á gbéra lọ sókè Ọya, iye tẹ́ ẹ máa rí lára màlúù á já wálẹ̀ kíá, díẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù.

Òjò, oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje

Ẹ̀gà ló ni ìgbà yìí, tí ẹ ò bá ráyè wo nǹkan míì, ẹ wo ẹ̀gà. Igi ọ̀pẹ kan tó wà nítòsí ilé wa, wọ́n ti já gbogbo ewé ẹ̀ tán, ó ku egungun imọ̀. Akọ ló ń kọ́lé. Ó máa bu ẹ̀gbẹ́ ewé ọ̀pẹ jẹ níbì kan, ó máa di etí ẹ̀ mú, ó máa wá fò sẹ́yìn kí ewé náà ya tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn bí okùn. Ó máa kọ́kọ́ hun òrùka kan, inú òrùka yẹn ló máa dúró sí fi hun ìyókù, ibi tí ẹnu ẹ̀ bá dé ni ògiri máa dé. Tó bá parí, á dọ̀rí kodò lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọn ìyẹ́, á máa pariwo pé kí abo wá wò ó. Abo á wọlé, á fi ẹnu fa ibí, á fa ọ̀hún, tí ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á jáde lọ. Ilé tí abo kọ̀ títí ewé ẹ̀ fi gbẹ, akọ fúnra ẹ̀ ló máa tú u palẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn síbẹ̀. Mo ti rí èyí tó tú mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀, ẹ máa rí ẹyẹ kan tó dà bí ewé tútù tó ń dán, inú ẹ̀ funfun, tó ń ké "dì-dì-dì-dídírìkì." Ilé ẹ̀gà ló ń wá láti yé ẹyin sí. Ìdí nìyẹn tí abo ẹ̀gà kọ̀ọ̀kan fi ní àwọ̀ ẹyin tiẹ̀, ti ẹlòmíì aláwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, ti ẹlòmíì funfun tó ní àmì, kó lè mọ ẹyin àjèjì kó sì jù ú nù.

Nínú koríko lọ́nà Alábàtà, ẹyẹ kékeré dúdú-funfun kan tí ẹnu ẹ̀ pupa á máa fò sókè sódò pẹ̀lú ìrù tó gùn ju ara ẹ̀ lọ. Akọ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ìrù yẹn á ti já, ara ẹ̀ á ti di ràndànràndàn bíi ti ológoṣẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé ó ti lọ, ó wà níbẹ̀ ṣá. Abo ẹ̀, ilé olongo ló ń yé ẹyin sí. Tẹ́ ẹ bá bá àparò tó kó ọmọ lẹ́yìn pàdé nínú oko àgbàdo, ẹ dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n kọjá.

Oṣù Kẹjọ, tí òjò bá sinmi díẹ̀, ó máa ń dákẹ́. Ẹ fi kọ́ ohùn àwọn onílé: àdàbà, òdèrékókó, ẹyẹ apẹja aláró tí òkè ẹnu ẹ̀ pupa, ìsàlẹ̀ ẹ̀ dúdú, tí kì í jẹ ẹja púpọ̀, kòkòrò ló ń jẹ.

Àrọ̀kúrò, oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá

Ìlẹ̀kùn tún ṣí nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ àgbáyé fún ẹyẹ tó ń rìnrìn àjò, òmíràn wà ní Sátidé kejì nínú oṣù Karùn-ún, ẹ fi ọjọ́ méjèèjì yẹn sínú kàlẹ́ńdà. Odò ṣì kún, nítorí náà ẹ dúró sí òkè bèbè ní Láfẹ́nwá, ẹ wo ẹyẹ apẹja dúdú-funfun tó máa ń dúró lójú kan lófuurufú, tó ń gbọn ìyẹ́ láì lọ síwájú, láì lọ sẹ́yìn, kó tó já lulẹ̀ sínú omi pàá bí òkò. Ní Ọ̀yán, ẹ wo orí ọ̀ṣíbàtà, ẹyẹ kan wà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn débi pé orí ewé ló ń rìn. Ìgbà tẹ́ ẹ máa tún rí àwòdì àkọ́kọ́ nìyí, ní ìparí oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: kíkọ sílẹ̀ àti fífi ránṣẹ́

Ọjọ́, aago tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ àti aago tẹ́ ẹ parí, ibi, ojú ọjọ́, orúkọ, iye. Tẹ́ ẹ bá ka 7, ẹ kọ 7, ẹ má kọ "púpọ̀." Ọjọ́ tẹ́ ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ kọ pé ẹ ò rí. Lẹ́yìn náà ẹ lè fi í sórí eBird, ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ẹyẹ jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí kẹ́ ẹ dara pọ̀ mọ́ Nigeria Bird Atlas Project tó pín orílẹ̀-èdè wa sí onígun mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan nǹkan bíi kìlómítà 9 sí 9, app BirdLasser ni wọ́n ń lò, ó sì kéré tán ẹ máa lo wákàtí 2 nínú onígun mẹ́rin kan kí wọ́n tó gbà á pé ó pé. Ẹ má fi ibi tí ìtẹ́ wà síta fún gbogbo ayé, ní pàtàkì ti odídẹrẹ́, torí àwọn tó ń kó o tà.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún igún. Igún aláìníyẹ̀ẹ́-lórí tó jẹ́ pé nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n ń tò lórí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù bí ẹni pé àwọn ló ni ilé, láti ọdún 2015 ni wọ́n ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó fẹ́ẹ́ run pátápátá láyé. Wọ́n ń pa á tà fún oògùn, bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ló ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Nínú ìwé mi, oṣù mẹ́rìnlá ló ti wà lójú ewé yẹn báyìí, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ jù lọ ni 0. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, mo kọ 2. Wọ́n ń yí lókè níhà Arákàngà, wọ́n ga gan-an, mo dúró sójú títì títí ọrùn fi ń dùn mí. Tí ẹ bá rí igún níbikíbi l'Abẹ́òkúta, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ aago, ẹ kọ ibi tí wọ́n dojú kọ, kẹ́ ẹ sì kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.